Àwọn Tó Lọ Tí Wọn Kò Padà: Bí A Ṣe Lè Tọpasẹ̀ Ẹbí Wa ní Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè tọpasẹ̀ ìdílé rẹ̀ àti àwọn baba ńlá tó ti sọnù. Mo gbà láti wá nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Ẹni tó lọ ń wá ilé. Ó yẹ kí ilé náà máa wá ẹni tó lọ. Àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà lọ́hùn-ún ti ṣiṣẹ́ gidi láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé: wọ́n ti tú ìwé àtijọ́, wọ́n ti to orúkọ jọ, wọ́n ti fi itọ́ ẹnu wọn ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA. Ní ìpẹ̀kun tiwa níhìn-ín ní Kwara, láti Ọ̀sì dé Ìlọ́fà, láti Odò-Ọwá dé Èrúkú, a fọwọ́ lẹ́rán, à ń retí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn. Ẹni náà kò lè kan ilẹ̀kùn tí kò mọ̀. Ọwọ́ wa ni iṣẹ́ tó kù wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé ibi tó jìnnà, Ọsirélíà, nítorí ibẹ̀ ni wíwá ìdílé ti gbilẹ̀ jù nínú àwọn ilẹ̀ tí mo mọ ìtàn wọn. Láàárín 1788 sí 1868, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ẹlẹ́wọ̀n tó tó 162,000 sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ náà. Akọ̀wé ń dúró dè wọ́n ní èbúté pẹ̀lú ìwé ńlá. Ó kọ orúkọ, ọjọ́ orí, ìlú tí wọ́n ti dájọ́ fún wọn, iṣẹ́ ọwọ́, bí wọ́n ṣe ga tó, àwọ̀ ara, àpá, títí kan àwòrán tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fín sí apá. Kì í ṣe ìfẹ́ ló mú ìjọba kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n lè mọ ẹni tó bá sá lọ. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọmọ wọn fi ojú ti ẹlẹ́wọ̀n tó wà nínú ìdílé, wọn kò jẹ́ kí ọmọdé gbọ́. Lónìí, wọ́n ń fi yangàn. Ọmọ Sydney lè jókòó nílé rẹ̀ kó ka ìwé tí akọ̀wé yẹn kọ, kó sì fi mọ abúlé tí ìyá ìyá rẹ̀ àgbà ti wá ní Ireland.

Ilẹ̀ kan náà ni ìjọba ti gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ gan-an. Láti nǹkan bí 1910 sí 1970 ni wọ́n ń mú àwọn ọmọ Aboriginal kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àti ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun. Wọ́n yí orúkọ ọ̀pọ̀ wọn padà, wọ́n sì sọ fún àwọn mìíràn pé ìyá wọn ti kú nígbà tí ìyá náà ṣì wà láàyè. Ní 1980, Coral Edwards tí wọ́n ti mú bẹ́ẹ̀ rí, àti onímọ̀ ìtàn Peter Read, dá Link-Up sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New South Wales láti so irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹbí rẹ̀. Ìròyìn ńlá tó tú ọ̀rọ̀ náà síta jáde ní 1997, olórí ìjọba wọn sì tọrọ àforíjì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2008. Ìwé ìjọba tó ya ọmọ kúrò lára ìyá ni wọ́n tún lò láti fi wá ìyá náà kàn. Àmọ́ ìwé nìkan kò tó. Ó gba pé kí àgbà kan wà ní abúlé tó ṣì rántí ọmọ tí wọ́n mú lọ, tó rántí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àti ọmọ ta ni.

Nígbà tí akọ̀wé Sydney ń wọn gíga ẹlẹ́wọ̀n, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ní akọ̀wé mìíràn ní Freetown, ní Sierra Leone, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún àwọn ènìyàn wa. Lẹ́yìn tí wọ́n fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown. Akọ̀wé a kọ nọ́ńbà, orúkọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, gíga, àti àpá ojú tàbí ti ara. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní Havana ní Cuba pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ti to orúkọ 91,491 ènìyàn jọ láti inú irú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní African Origins, wọ́n sì ń bẹ gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè Áfíríkà pé kó wá wo orúkọ kó sọ èdè tó jọ. Ẹ wọ inú rẹ̀ lọ, ẹ ó rí Òjó, ẹ ó rí Àìná, ẹ ó rí Dàda, bí etí òyìnbó ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ohun tó wà nínú ìwé ẹlẹ́wọ̀n Sydney tí kò sí nínú ti Freetown ni ìlú tí ẹni náà ti wá. Òyìnbó mọ ibi tí Cork wà ní Ireland, kò mọ ibi tí Ìlọ́fà wà, kò sì bèèrè. Òjó ni wọ́n bí tòun ti ìwọ́ lọ́rùn, Òjó sì pọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ amútọ̀runwá kò lè júwe ilé. Ẹni tó gbìyànjú jù láti dí àlàfo yẹn ni Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, tó jókòó ti àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Freetown, tó bèèrè èdè àti ìlú wọn lọ́wọ́ wọn fúnra wọn. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní 1854. Ó kó ọ̀rọ̀ jọ láti èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì ya àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yàgbà wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò wa tí a jọ pààlà. Bí Yàgbà bá wà ní Freetown nígbà náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀nà jìn ju kí ará Ọ̀pin ní agbègbè wa wà níbẹ̀ lọ.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Ibi tí a máa ń sáré kọjá nínú ìtàn náà ni mo fẹ́ kí a dúró sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀, Afala, tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Kò sí ìwé Freetown kankan níbẹ̀. Ìyá ló gbọ́ pé ọmọ òun wà ní Abẹ́òkúta, ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mìíràn dání, ó sì wá a wá. Wọ́n ti kó ìyá náà fúnra rẹ̀ lẹ́rú rí, wọ́n sì ti rà á padà, síbẹ̀ kò gbàgbé. Ẹni tó wà nílé ló wá ẹni tó sọnù kàn. Gbogbo ohun tí mo bá wá síhìn-ín wà nínú ìrìn ìyá yẹn.

Ó wá kù sí ọwọ́ tiwa. Àwọn wo ni agbègbè wa pàdánù, níbo ni wọ́n lọ? Nígbàkúùgbà tí mo bá bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, Amẹ́ríkà àti Brazil ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wó ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ sí Bahia àti Cuba. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọdún wé ọdún. Brazil ti ilẹ̀kùn òwò náà ní 1850. Ti Cuba náà parí ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà tí ogun Tápà, ìyẹn Núpé, gbóná jù ní apá ìlà oòrùn àríwá ilẹ̀ Yorùbá ni ayé Màsábà, Emir Bídà láti 1859 sí 1873, àti ti àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Òwò ojú òkun ti ń kú lọ nígbà náà. Níbo wá ni wọ́n ń kó àwọn ènìyàn tí wọ́n mú lọ?

Bídà ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú wọn lọ. Àwọn tó kọ ìtàn ìlú náà ṣàlàyé pé Màsábà àti àwọn ìjòyè rẹ̀ tẹ ọ̀pọ̀ abúlé dó yí Bídà ká, tí wọ́n ń pè ní tungazi, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi àwọn tí wọ́n kó lógun sí láti máa dáko fún wọn. Àwọn mìíràn wà ní Ìlọrin, nínú agboolé àwọn ìjòyè àti ní oko wọn. Ìlọrin náà kúkú ní ajẹ́lẹ̀ nínú àwọn ìlú wa kí ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger Company tó ṣẹ́gun Bídà àti Ìlọrin, ìyẹn oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1897. Àwọn kan rí ọ̀nà padà lẹ́yìn náà, wọ́n wá ilé wọn kàn. Àwọn kan ti bímọ síbẹ̀, ọmọ wọn ti ń sọ Núpé, wọ́n sì dúró. Ìbátan wa tó sọnù tó sún mọ́ wa jù lè má kọjá òdìkejì odò Ọya, kó máa jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí, kó máa sin òkú rẹ̀ sí ilẹ̀ Bídà, láìmọ̀ pé Ọ̀pin ni baba ńlá rẹ̀ ti wá. A ń wo Bahia ní òkèèrè, a kò tíì fi ẹsẹ̀ kan dé Bídà.

Ohun mìíràn tó fi wá pamọ́ ni ààlà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lugard gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja, a sì bọ́ sí abẹ́ Àríwá. Èkìtì tiwa di ara Ẹkùn Ìlọrin, Èkìtì yòókù wà ní Gúúsù. Lẹ́yìn ìyẹn ni 1967 dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, 1991 mú Yàgbà lọ sí Kogí, 1996 dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ láìsí wa nínú rẹ̀. Ọmọ ìyá wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá ń wá ìwé gbọ́dọ̀ mọ èyí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi ọdún púpọ̀ ṣòfò. Bí ẹbí rẹ bá jẹ́ ti Adó-Èkìtì tàbí Oyè, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìbàdàn ni kí o lọ. Bí o bá jẹ́ ọmọ Ọ̀sì tàbí Obbo-Ayégúnlẹ̀, Kàdúná ni. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ìwé Ẹkùn Ìlọrin sí. Ẹ wá ìròyìn tí D.O., aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè, kọ nípa ìlú kọ̀ọ̀kan níbẹ̀: ẹni tó jẹ oyè, ìdílé tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ibi tí wọ́n ní àwọn ti wá, iye owó orí. Ọmọ wa kan lè ti ka ìwé ní Ìbàdàn títí kó sì parí rẹ̀ sí pé ìlú òun kò ní àkọsílẹ̀, nígbà tí ìwé náà wà ní Kàdúná, tí ó ń dúró dè é.

Ààlà yẹn náà ló fi orúkọ tí kò ṣe déédéé sára ohun ìní wa tó wà ní òkè òkun. Ẹ wọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá, ẹ ó rí ère àti ìbòjú ẹpa tí wọ́n kọ "Osi-Ilorin" sí lábẹ́. Ẹni tí kò mọ ìtàn yóò rò pé ìlú Ìlọrin ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ọ̀sì tiwa ni. Àreògún ni, Dàda Àreògún, tó kú ní 1954, ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére tó ga jù tí ilẹ̀ Yorùbá bí ní ọ̀rúndún tó kọjá.

Ẹ fún mi láyè kí n dúró díẹ̀ lórí àwọn agbẹ́gilére, nítorí pé àwọn ni ẹ̀rí tó dájú jù pé baba ńlá tó sọnù ṣeé wá rí ní agbègbè wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń kó ère lọ kò bèèrè ta ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n á kọ "Yorùbá", wọ́n á kọ pé a kò mọ oníṣẹ́ rẹ̀. A mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Ọ̀sì mọ ọwọ́ Àreògún yàtọ̀ sí ọwọ́ Bámgbóṣé tó kọ́ ọ níṣẹ́, bí olùkọ́ ṣe ń mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kìkì pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ni. Nígbà tí Fada Kevin Carroll ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA ń bójú tó ilé iṣẹ́ ọnà ní Oyè-Èkìtì láàárín 1947 sí 1954, ó bèèrè. Bámidélé, ọmọ Àreògún, tí ayé mọ̀ sí Bándélé, wà lára àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Bándélé ni Lamidi Fákẹ́yẹ ti Ìlá Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́ síwájú sí i, ẹni tó di olókìkí káàkiri ayé kó tó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2009. Carroll kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1967. John Picton, tó ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Nàìjíríà, náà rìn káàkiri àwọn ìlú Ọ̀pin, ó ń bèèrè ẹni tó gbẹ́ ẹpa kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni ìlà fi jáde: Bámgbóṣé sí Àreògún, Àreògún sí Bándélé, Bándélé sí Lamidi. Ẹ wo bí ìlà náà ṣe gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá níbì kan, tó sì gba ìkọ́ṣẹ́ kọjá níbòmíràn. Ẹni tó bá ń wá ìdílé rẹ̀ ní agbègbè yìí, kó má ṣe bèèrè ẹni tó bí baba rẹ̀ nìkan, kó bèèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀gá a máa mọ ohun tí ọmọ kò mọ̀ nípa baba rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Bámigbóyè, Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè, ọmọ Kájọlà ní Odò-Ọwá. Ẹpa tó gbẹ́ tóbi dé ibi pé alágbára ló ń gbé e: jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá pẹ̀lú ọmọ, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kéékèèké yí wọn ká. Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Òmù-Àrán ní iṣẹ́ ọnà. Ó kú ní nǹkan bí 1975. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣí ìpàtẹ ńlá fún iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà. Inú mi dùn sí i, ó sì tún dùn mí, nítorí pé ó di dandan nígbà náà kí a rìn dé New Haven, níbi tí Yale wà, kí a tó rí iṣẹ́ ọkùnrin yìí jọ sójú kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ṣeé ṣe. Orúkọ náà kò pa run nílé. Odò-Ọwá ló pa á mọ́.

Ìwé ìjọ Ọlọ́run náà ń bẹ. Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí wọ́n bí ní Odò-Ọwá ní 1904, wá láti ìdílé onígbàgbọ́ ti ìjọ míṣọ́nnárì CMS. Orúkọ baba rẹ̀, David Rótìmí, àti ti ìyá rẹ̀, Martha Tàlàbí, kò sọnù. Ẹ wo ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó nínú ìjọ yín, Áńgílíkà, Kátólíìkì, ECWA tàbí Onítẹ̀bọmi. Ikán ń jẹ wọ́n lọ nínú àpótí. Ẹ ya fọ́tò wọn lọ́sẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ oríkì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá gbọ́ dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti fi ìwé Àwọn Oríkì Orílẹ̀ hàn wá ní 1967 pé oríkì orílẹ̀ ń sọ ibi tí ìran ti ṣẹ̀ wá, ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọ́n kọ̀. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù fún iṣẹ́ ìwádìí, fi hàn pé obìnrin ilé ni ó ń pa á mọ́. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọ agboolé ló ń kọ́ oríkì gbogbo ọkọ rẹ̀, ọkọ ńlá àti ọkọ kékeré, ó sì ń gbé ti ilé baba tirẹ̀ dání. Oríkì méjì ni ìyá kan ń gbé. Ẹni tó bá wá bi àwọn olórí ilé nìkan yóò gbọ́ ìtàn oyè. Ìtàn oyè a sì máa tẹ̀ sí ibi tí oyè tẹ̀ sí. Nígbà tí ìdílé méjì bá ń du àga kan, ẹnì kan yóò di àbúrò lójijì, ẹnì kan yóò di àlejò. Oríkì kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀ láti parọ́. Ó máa ń gbé àpá ogun, gbèsè, ìtìjú àti ọlá pọ̀ sójú kan, kò sì bìkítà ẹni tó bínú.

Ẹ má bèèrè lọ́wọ́ àgbà pé "ta ni baba ńlá yín?" Yóò dárúkọ ọba. Ẹ bi í pé ta ni wọ́n sin sí yàrá yìí. Ẹ bi í pé kí ló dé tí ilé yìí kì í jẹ ẹran báyìí, ta ló kọ́kọ́ gé igbó oko tó wà lẹ́yìn odò, ọmọ ilé wo ni wọ́n ń pè ní ọmọ ìyá wa nígbà tí ìyá kò pa wọ́n pọ̀. Bí kò bá mọ ọdún, ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wá ọdún: àjàkálẹ̀ àrùn 1918, ètò ìkànìyàn 1963, ọdún tí ọkọ̀ kúrò ní òsì bọ́ sí ọ̀tún ní 1972, ọdún tí náírà dé ní 1973. Ẹ gbà á sórí fóònù, ẹ jẹ́ kí ó ki oríkì náà bí ó ṣe máa ń kì í, ẹ má dá a dúró láti bèèrè ìtumọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo wa ń sá fún. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé wa, ẹnì kan wà nínú àwọn baba ńlá tí wọ́n rà, tàbí tí wọ́n kó lógun wá, tàbí tó wá ṣe ìwọ̀fà tí kò padà. Ẹnì kan sì wà tí ilé fúnra rẹ̀ tà. A mọ̀ wọ́n, a ń sọ̀rọ̀ wọn lábẹ́lẹ̀, a ń fi wọ́n bú ọmọ wọn ní ọjọ́ ìjà. Mo fẹ́ kí a dẹ́kun ìyẹn. Ẹni tí wọ́n kó wá síhìn-ín ní ilé níbòmíràn, bóyá ìyá rẹ̀ wá a títí tó fi kú. Bí a bá fi í pamọ́, a ti gba ọ̀nà ilé lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ará Ọsirélíà fi ẹlẹ́wọ̀n wọn pamọ́ títí di ìgbà tí wọ́n rí i pé ẹni tí wọ́n fi pamọ́ gan-an ni ìwé mọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ yìí nira fún olórí ilé, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn pinnu bóyá kí ó jáde síta.

Àyẹ̀wò DNA ńkọ́? Ó wúlò, ó sì ní ààlà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí DNA tí wọ́n ń pè ní HapMap ní 2002, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Yorùbá 90 ní Ìbàdàn, baba, ìyá àti ọmọ nínú ìdílé 30. Ọ̀pọ̀ ìwádìí lágbàáyé ṣì ń fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyí ṣe òṣùwọ̀n. Ní oṣù keje ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò DNA 23andMe tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn tó lé ní 50,000 kópa nínú rẹ̀. Ó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà pọ̀ lára àwọn ọmọ ẹrú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ju bí ìwé ọkọ̀ ẹrú ṣe jẹ́ kí a retí lọ. Àmọ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni àyẹ̀wò ń fún ènìyàn. Kò lè ya Ọ̀sì sọ́tọ̀ kúrò lára Ìbàdàn, ká má tíì sọ pé yóò ya Ọ̀sì sọ́tọ̀ kúrò lára Ìlọ́fà. Ohun tó lè ṣe ni pé, bí ará ilé kan bá ti ṣe é, ó lè fi ìbátan rẹ̀ ní Bahia hàn án. Àwọn tó ṣe é láàárín wa kéré, ó sì yẹ kí á ṣọ́ra: ilé iṣẹ́ 23andMe yìí kan náà wọ kóòtù ní oṣù kẹta ọdún 2025 pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn, ẹ̀rù sì ba ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ má fi itọ́ àgbà ránṣẹ́ láìjẹ́ kó yé e.

Àkókò kò sì pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ní Kòrò ní agbègbè wa, wọ́n pa Oníkòrò, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú Cole. Láti ìgbà yẹn, àwọn àgbà ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní ìlú ńlá, àwọn agboolé kan sì ti dahoro. Bí ìyá tó mọ oríkì bá lọ gbé nínú fúláàtì ní Èkó, láàárín ọmọ-ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, oríkì náà kò ní ẹni tí yóò kì mọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìwé kan ṣoṣo: ìwé orúkọ àwọn tí a pàdánù. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan, agboolé sí agboolé, kọ gbogbo ẹni tí wọ́n ṣì rántí pé ogun mú lọ, tí wọ́n tà, tàbí tó rìnrìn àjò tí kò dé mọ́. Ẹ kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ àti amútọ̀runwá. Ẹ kọ oríkì rẹ̀. Ẹ kọ ìlà ojú tí ilé yín ń kọ nígbà náà, kí ẹ yà á, nítorí pé àpá ojú wà nínú ìwé Freetown, kò sì sí ẹni tó lè ka ìtumọ̀ rẹ̀ àfi àwa. Ẹ kọ ẹni tó jọba nígbà tó lọ, ogun tó mú un, ọ̀nà tí wọ́n gbà kó wọn lọ, bóyá Bídà, bóyá Ìlọrin, bóyá ìsàlẹ̀ odò. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ìtàn náà àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ̀dà kan kí ó wà láàfin, ọ̀kan ní Yunifásítì Ìlọrin, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ọmọ Freetown, ọmọ Salvador ní Bahia àti ọmọ Bídà ti lè kà á. Agboolé kan lè má rántí ju ẹni méjì lọ. Ẹ kọ àwọn méjèèjì.